Hypo wo gan-an ni hypo? Ẹ bá mi tú orúkọ àwọn kẹ́míkà fótò yìí

Ọmọ_Lafíàjí:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Lafíàjí láyé ọjọ́un, àwọn fúnra wọn ló ń fọ fótò dúdú àti funfun nínú dáákúrúùmù kó tó di pé fótò kọ́lọ̀, aláwọ̀ mèremère, àti fóònù gba gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti lọ sinmi. Nígbà tá a kó yàrá ẹ̀yìn, a rí àpótí kan tó kún fún ìgò àti ike kẹ́míkà, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ fọ́múlà sí. Mo ní kámẹ́rà fíìmù, mo fẹ́ máa fọ tèmi nílé, àmọ́ orúkọ tó wà lára àwọn nǹkan yìí fẹ́ yí mi lórí.

Èyí tí mo lè kà nìyí: HYPO (wóró-wóró ńlá, ó mọ́ gaara), ELON, QUINOL, CARB., RED PRUSS. POT., àti ọ̀kan tí aáyán ti jẹ lébù ẹ̀, SOD. SULPH ló kù, ìyókù ti lọ. Ike kan tún wà tí kò ní nǹkankan lára.

Mo ní kí n kúkú lọ ra tuntun ní Ọjọ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún pé mo fẹ́ hypo, Hypo tá a fi ń fọ aṣọ funfun ló ní kí n lọ rà. Mo ní rárá, ti fótò ni, "hyposulphite" ni wọ́n kọ sínú ìwé bàbá mi. Ẹnìkejì ní òun mọ̀ ọ́n, ó gbé páúdà kan jáde tí òórùn ẹ̀ ń gún èèyàn nímú látòkèèrè, ó ní àwọn aládìrẹ ló ń rà á jù. Mi ò ra èyíkéyìí. Hypo wo gan-an ni hypo? Àti Red Pruss yẹn, mo wò ó lórí Google, cyanide ni mo ń rí, mo sáré gbé e padà síbi tí mo ti mú un.

Tunde_Mushin:
Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀. Hypo náà ni bleach. Lab tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Mushin nígbà tí iṣẹ́ fótò ṣì ń pa owó, dẹfẹ́lọ́pà, bleach, fíkísà la máa ń dà sínú mẹ́ṣìnnì lójoojúmọ́. Ẹ ra Hypo onínáílọ́ọ̀nù yẹn, ẹ fi omi là á, ẹ rẹ fíìmù sí i, ó parí.

Tíṣà_Kẹ́míísírì:
Túndé, ẹ má bínú o, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí lè ṣe èèyàn léṣe. Ọmọ_Lafíàjí, MÁ DA Hypo aṣọ sí nǹkan fótò rárá.

Hypo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, sodium hypochlorite ni. Hypo àwọn onífótò, sodium thiosulphate ni. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ti onífótò ni kó yọ́ iyọ̀ silver tí ìmọ́lẹ̀ ò bà kúrò lára fíìmù, kí àwòrán lè dúró. John Herschel, ará England, ló rí i lọ́dún 1819 pé ó ń yọ́ iyọ̀ silver, ogún ọdún kọjá kí fótò tó dé tí wọ́n wá rí nǹkan fi ṣe. Hyposulphite of soda ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Àwọn onífótò gé e kúrú sí hypo. Nígbà tó yá àwọn oníkẹ́míísírì yí orúkọ ẹ̀ sí thiosulphate, àwọn onífótò kọtí ikún, hypo ni wọ́n ń pè é títí dòní. Òun náà ni fíkísà.

Tó o bá wá lọ da Hypo aṣọ sí i, ó máa jẹ gelatin tó gbé àwòrán dání, ike lásán lo máa fà jáde. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Stop bath, omi tó ń dá iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà dúró, ló máa ń tẹ̀ lé dẹfẹ́lọ́pà tó ń mú àwòrán jáde, ásíìdì sì ni. Hypo aṣọ bá pàdé ásíìdì, gáàsì chlorine ló ń jáde, nínú yàrá tó o ti fi kọ́tìnnì dúdú dí fèrèsé ẹ̀ pa. Ẹ fojú inú wò ó.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé hypo onífótò ni wọ́n fi ń pa agbára hypo aṣọ. Àwọn tó ń sin ẹja ń fi thiosulphate pa chlorine inú omi ẹ̀rọ kí ẹja má bàa kú. Nítorí náà tó o bá dé Ọjọ́ta, má pe hypo lẹ́nu rárá. Kọ "sodium thiosulphate" sórí ìwé, kó o nà án sí wọn.

Tunde_Mushin:
Ẹ ṣeun ọ̀gá, mo gbọ́. Àmọ́ bleach wà nínú iṣẹ́ lab lóòótọ́ o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń parọ́.

Sisí_Fíìmù:
Ó wà, Bọ̀ọ̀dá Túndé, àmọ́ ti kọ́lọ̀ ni, C-41, bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù kọ́lọ̀ nìyẹn. Bleach yẹn kò bá ti aṣọ tan. Irin ló wà nínú ẹ̀, ferric EDTA tàbí irú ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ silver dúdú di iyọ̀ silver padà kí fíkísà lè kó o lọ, kó wá ku kọ́lọ̀ nìkan. Àwọn míì pò ó pọ̀ mọ́ fíkísà, wọ́n ń pè é ní blix. Fíìmù dúdú àti funfun kò nílò ẹ̀ rárá, torí silver yẹn gan-an ni àwòrán. Tó o bá bleach ẹ̀ tó o sì fix ẹ̀, o ti pa àwòrán rẹ́ nìyẹn.

Orúkọ míì tó máa dà yín láàmú: "hypo clearing agent". Kì í ṣe hypo. Sodium sulphite ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n fi ń ran omi lọ́wọ́ láti fọ hypo kúrò lára pépà. Mo mọ ẹni tó ń fi ṣe fíkísà, tó ń bínú pé fíìmù òun kò mọ́.

Ìyá_Aládìrẹ:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa fótò, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí torí wọ́n dárúkọ aládìrẹ. Páúdà tó ń gún èèyàn nímú yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, hydrosulphite ni, òun àti kọ́sítíìkì sódà la fi ń po àwọ̀ tá a fi ń rẹ aṣọ. Ọmọ mi, tó o bá rà á láṣìṣe, má jẹ́ kí omi kán sínú ike ẹ̀ o. Ó máa gbóná, ó lè gbaná. Ti èmi, inú ike olómòrí líle ló ń wà, ṣíbí tó gbẹ nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀.

Tíṣà_Kẹ́míísírì:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Màmá sọ. Ẹni tó fẹ́ tà á fún Ọmọ_Lafíàjí kò sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Nínú ìwé kẹ́míísírì àtijọ́, hydrosulphite yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pè ní hyposulphite. Dithionite ni orúkọ ẹ̀ lónìí. Nǹkan méjì ń jẹ́ orúkọ kan, nǹkan kẹta wá gba ìnagijẹ wọn lórí aṣọ funfun.

Bàbá_Onífótò_ÈbútéMẹ́ta:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fi ọwọ́ mi pò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

ELON àti METOL, ọ̀kan náà ni. Elon ni Kodak ń pè é, Metol ni ti àwọn ará Jámánì, èyí ló sì pọ̀ jù lẹ́nu wa. O tún lè rí Genol, Rhodol tàbí Pictol lára àwọn ike míì, má wulẹ̀ rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń kó oríṣi márùn-ún jọ. QUINOL ni hydroquinone, bí àwọn òyìnbó ìlú Ọba ṣe ń pè é nìyẹn. Méjèèjì jọ máa ń ṣiṣẹ́ nínú dẹfẹ́lọ́pà ni, MQ la ń pè wọ́n, Metol-Quinol.

Ó dá mi lójú pé fọ́múlà tó máa wà nínú ìwé bàbá rẹ kò ní jìnnà sí D-76, dẹfẹ́lọ́pà Kodak: Metol gíráàmù 2, sodium sulphite 100, hydroquinone 5, borax 2, kó o fi omi sí i títí á fi pé lítà kan. Ilford, ilé iṣẹ́ fíìmù ní ìlú Ọba, ní tiwọn, ID-11, o lè pàdé ẹ̀ nínú ìwé yẹn náà. Ọ̀kan náà ni. Àwọn ọmọkùnrin máa ń jà lórí èyí tó dáa jù nínú méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń wò wọ́n ni. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé Metol kì í yọ́ dáadáa tí sulphite bá ti pọ̀ nínú omi. Fọn sulphite bíńtín sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kó o da Metol, ró o títí á fi yọ́ tán, kó o tó da ìyókù sulphite. Kó o wọ ìbọ̀wọ́ o, Metol máa ń jẹ́ kí ara àwọn kan sú.

RED PRUSS. POT. yẹn, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Òun la fi ń tan ojú fótò. Tí agbádá léèsì funfun oníyàwó bá jáde dúdú ní pépà, màá wé òwú mọ́ ẹnu igi tíńrín, màá fi bọ inú omi ẹ̀ tá a ti pò mọ́ hypo, màá rọra máa fi tọ́ ojú léèsì yẹn, wàá rí i tí funfun á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Wéré lo máa gbé e sínú omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ léèsì á lọ pátá, alágbádá á wá bá ọ jà.

Tó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ike tí kò ní lébù, kán fíníígà lé e díẹ̀. Tó bá hó, kábónéètì ni. Tó bá di funfun bí omi ẹ̀kọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, hypo ni. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Tíṣà_Kẹ́míísírì:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló pé, àfi ti fíníígà yẹn ni mo máa bẹ̀ yín lé lórí. Tó bá jẹ́ ike tá a ti mọ̀ pé hypo tàbí kábónéètì ló wà ńbẹ̀, kò burú. Àmọ́ ike tí kò lórúkọ nínú àpótí onífótò àtijọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Tó bá jẹ́ sulphide, ásíìdì máa yọ hydrogen sulphide jáde, òórùn ẹyin ọ̀bu, májèlé sì ni. Tó bá jẹ́ cyanide gidi ńkọ́? Àwọn onífótò ayé àtijọ́ máa ń fi potassium cyanide ṣe fíkísà fún àwo gíláàsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kán ásíìdì sí nǹkan tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Red Pruss náà rèé. Red prussiate of potash ni, orúkọ tòde òní ni potassium ferricyanide. Pupa ni kírísítà ẹ̀. Yellow prussiate tún wà, ferrocyanide nìyẹn, lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀ láàárín ferri àti ferro, tó o bá ra èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ kò ní tan ojú fótò kankan. Cyanide tí Google fi hàn ọ́, irin ti dì í mú pinpin nínú ẹ̀, kì í ṣe bíi potassium cyanide tó ń pa èèyàn. Àmọ́ má gbé e sórí iná pẹ̀lú ásíìdì líle, torí ìyẹn lè tú u sílẹ̀. Potash inú orúkọ yẹn náà máa ń da àwọn èèyàn rú. Potassium ni wọ́n ń wí. Kán-ún tí à ń pè ní potash lọ́jà wa, sodium ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Bàbá_Onífótò_ÈbútéMẹ́ta:
Tíṣà, o gba ibẹ̀. Láyé tiwa a mọ ẹni tó ni ike, a sì mọ ohun tó rà. Ẹ fi ti fíníígà yẹn sílẹ̀.

Sisí_Fíìmù:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti quinol kí n tó gbàgbé. Mo wá a dé Ìdúmọ̀tà, mo sọ pé hydroquinone ni mo ń wá, obìnrin tó ń tà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní "Àǹtí, ẹ̀ ń fẹ́ bóra ni?" Àwọn tó ń po kíríìmù ló ń rà á jù, òun sì ni NAFDAC ń pariwo lé lórí. Ó wá fẹ́ ta kíríìmù tí wọ́n ti pò fún mi. Ẹ má gbà á o, òróró àti òórùn dídùn ló kún inú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ páúdà lásán lẹ̀ ń fẹ́, funfun tàbí kó pọ́n ráńpẹ́. Tó bá ti dúdú, ó ti bàjẹ́.

Ọlọ́ṣẹ_Agége:
Ṣé CARB. yẹn, kábónéètì, ṣé ẹ ti sọ ọ́? Torí èmi náà ń lo sódà, mo sì mọ iye èèyàn tó ń ṣi í rà lójoojúmọ́. Sódà mẹ́ta ló wà lọ́jà. Kọ́sítíìkì sódà, èyí ló ń jó èèyàn lọ́wọ́, òun la fi ń ṣe ọṣẹ. Sódà áàṣì, òun ni sodium carbonate, òun làwọn òyìnbó ń pè ní washing soda. Baking soda tàwọn oníkéèkì, bicarbonate nìyẹn. Tí ìwé bàbá yín bá kàn kọ "sódà", ẹ má ro pé kọ́sítíìkì ni o, ó máa bọ́ fíìmù yín láṣọ.

Ẹ má fi baking soda rọ́pò sódà áàṣì náà, kò lágbára tó. Àmọ́ ẹ lè sọ ọ́ di sódà áàṣì, ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná tó dígírì Celsius 200 fún bíi wákàtí kan, ó máa fúyẹ́ torí omi àti gáàsì ti jáde lára ẹ̀.

Sisí_Fíìmù:
Òótọ́ ni Àǹtí, mo ti ṣe é. Gíráàmù 100 baking soda máa ń ku bíi 63. Àwọn tó ń fi kọfí fọ fíìmù, caffenol, sódà áàṣì náà ni wọ́n ń wá.

Tíṣà_Kẹ́míísírì:
Bá a ti ń sọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́múlà ti ń kọ. Orúkọ á bára mu, ìwọ̀n ò ní bára mu, torí omi tó wà nínú kírísítà. Ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ lára lébù: anhydrous ni èyí tí kò lómi, monohydrate lómi díẹ̀, tí wọ́n bá kọ "crystals" tàbí "decahydrate" tàbí "pentahydrate", omi pọ̀ nínú ẹ̀. Sodium carbonate tí kò lómi gíráàmù 100, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi monohydrate rọ́pò ẹ̀, 117 ni. Tó bá jẹ́ decahydrate, 270! Sulphite olómi rọrùn, ìlọ́po méjì ti aláìlómi ni. Hypo wóró-wóró, pentahydrate ni, 157 ẹ̀ ló tó 100 aláìlómi. Ẹni tó wọn kábónéètì decahydrate bí ẹni wọn aláìlómi, agbára dẹfẹ́lọ́pà ẹ̀ kò ní tó ìdajì, á máa bú fíìmù.

Ọmọ_Lafíàjí:
Ẹ ṣeun gan-an ni o, Ọlọ́run á jẹ́ ká pẹ́ fún ara wa. Bàbá, fọ́múlà tẹ́ ẹ kọ yẹn gan-an ló wà nínú ìwé, àfi pé "ID-11" ni wọ́n kọ sókè ẹ̀. Ìbéèrè mi tó kù: SOD. SULPH yẹn, ṣé sulphite ni, ṣé sulphate, ṣé sulphide? Funfun ni, kò rùn. Àti HYPO tó wà nínú ìgò, ṣé ó ṣì dáa lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí?

Bàbá_Onífótò_ÈbútéMẹ́ta:
Tí kò bá rùn, kì í ṣe sulphide. Sulphide máa ń pọ́n, òórùn ẹ̀ á sì ti pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà kó o tó ṣí ike. Òun la fi ń sọ fótò di àwọ̀ ilẹ̀, sepia. Tá a bá ń ṣe é, àwọn ará ilé á máa pariwo lé wa lórí. Ó lè jẹ́ sulphate o, má rò pé kò sí bó ṣe lè dé ibẹ̀. Omi Èkó gbóná, gelatin máa ń wú. Kodak ní fọ́múlà kan fún ilẹ̀ olóoru, DK-15, sodium sulphate wà nínú ẹ̀ kí gelatin má bàa wú jù. Ẹni tó ń fọ fíìmù lóṣù kẹta láì ní fíríìjì, ó nílò ẹ̀.

Tíṣà_Kẹ́míísírì:
Ẹjọ́ yẹn ò tiẹ̀ yẹ ká dá. Sulphite tí atẹ́gùn ti ń wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, sulphate ló ń dà fúnra ẹ̀. Ìbáà jẹ́ sulphite ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ra tuntun, anhydrous, kó o ní kí wọ́n kọ ọ́ sára náílọ́ọ̀nù: sulph-ITE.

Hypo ní tiẹ̀ máa ń pẹ́ tí kò bá rí omi. Gé orí fíìmù díẹ̀, èyí tó máa ń yọ sóde, iná kò ṣe é ní nǹkankan. Po hypo náà mọ́ omi. Gíláàsì máa tutù nini lọ́wọ́ rẹ bó ṣe ń yọ́, àmì kan nìyẹn. Ju fíìmù yẹn sí i. Tó bá mọ́ gaara láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, hypo ni, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlọ́po méjì àkókò tó fi mọ́ ni wàá fi fix fíìmù gidi. Lẹ́yìn náà fi ìka tọ́ ọ nígbà tó ṣì tutù: ojú kan gbọ́dọ̀ máa yọ̀, gelatin nìyẹn. Tí ojú méjèèjì bá jẹ́ ike lásán, bleach lo dà sí i.

Ike aláìlórúkọ yẹn, má ṣí i, má dà á sí gọ́tà. Kọ "A KÒ MỌ̀ Ọ́N" sí i lára, kó o gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú láàbù kẹ́míísírì.

Tunde_Mushin:
Stop bath ńkọ́? Wọ́n ní glacial acetic acid, mo rò pé èyí tó ti dì ni.

Sisí_Fíìmù:
Tó bá tutù ju bíi dígírì 16.6 lọ ló ń dì, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí i bẹ́ẹ̀ l'Ékòó àfi nínú fíríìjì. Èyí tó le jù ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 nínú 100, ó ń jó èèyàn. Tẹ́ ẹ bá máa là á, ásíìdì lẹ̀ ń dà sínú omi o, ẹ má da omi lé ásíìdì. Fíníígà funfun tó jẹ́ 5 nínú 100 ti tó fún ẹni tó ń fọ fíìmù nílé, ìwọ̀n ife kan sí omi ife mẹ́ta. Dẹfẹ́lọ́pà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, dígírì 20 ni wọ́n fi ṣírò ìṣẹ́jú rẹ̀. Èmi máa ń ti ìgò ẹ̀ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ju pure water tó ti dì sí, màá fi tẹmómítà wò ó.

Ọmọ_Lafíàjí, tó o bá ń lọ Ọjọ́ta jọ̀ọ́ bá mi bèèrè borax. Odidi àpò ni gbogbo wọn ń fẹ́ tà fún mi, gíráàmù 2 ni mò ń lò nínú lítà kan.

Ọlọ́ṣẹ_Agége:
Àbúrò, borax wà lọ́dọ̀ mi, màá wọn án fún yín. Ẹ gbé ike tó mọ́ tó sì gbẹ wá, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí i lára kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.